Ṣé O Mọ̀? Ìran Tí Gbogbo Wọn Jẹ́ Ìyá, àti Àríyànjiyàn Lórí Ẹni Tó Jẹ́ Bàbá

Ṣé o mọ̀ pé ìran kan wà nínú géèmù tí kò ní ọkùnrin rárá, síbẹ̀ tí gbogbo ọmọ wọn ní bàbá? Asari ni orúkọ wọn. Inú Mass Effect ni wọ́n wà, géèmù tí ilé-iṣẹ́ BioWare ní ìlú Edmonton, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé jáde lọ́dún 2007. Ara wọn búlúù, wọn kò ní irun lórí, ìrísí wọn sì jọ ti obìnrin. Asari tó bá rí ayé gbé máa ń lò ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ: yóò ṣe ọ̀dọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, yóò wọ ìgbà ìyá ní nǹkan bí ọmọ ọdún 350, yóò sì di àgbà tí gbogbo ìlú ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ní nǹkan bí 700. Láti ọdún 2007 ni àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà ti ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń bímọ. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni irú iyàn bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ̀rí ni wọ́n fi ń jà, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ nínú géèmù, ìṣirò, àti ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nínú odò, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ wá sórí tábìlì.

Ṣé o mọ̀ pé asari kì í gba àtọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ohun tí ìwé àlàyé inú géèmù náà sọ ni pé ìyá ló ń fún ọmọ ní ẹ̀dà méjèèjì jíìnì rẹ̀, láti inú ara rẹ̀ nìkan. Ẹ̀dà kìíní máa ń wà bó ṣe wà. Ẹ̀dà kejì ni ìyá ń tún tò nígbà tó bá so iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀ mọ́ ti ẹnìkejì, tí àwọn méjèèjì á wá di ẹni tó ní ọpọlọ kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀. Ẹnìkejì yìí lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ asari bíi tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀dá láti ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Asari náà ni ọmọ yóò jẹ́, kò ní í lámì ìran mìíràn lára. Bí ẹni tó ń hun aṣọ òkè ṣe lè wo ọnà lára aṣọ ẹlòmíràn, kó sì padà sídìí òfì rẹ̀ lọ fi òwú tirẹ̀ hun ọnà tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ìyá asari ń ṣe. Bàbá ló fi ọnà hàn án. Gbogbo òwú jẹ́ ti ìyá.

Ibẹ̀ gan-an ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé inú géèmù náà fúnra rẹ̀ ni àbá tó lókìkí jù ti jáde? Nínú Mass Effect 2, tó jáde lọ́dún 2010, ilé ọtí kan wà ní pílánẹ́ẹ̀tì Illium, níbi tí ọkùnrin mẹ́ta láti ìran mẹ́ta ti ń ṣe fàájì ìgbéyàwó: èèyàn kan, turian kan, salarian kan. Oníjó asari ń jó níwájú wọn. Èèyàn ní asari jọ èèyàn. Turian ní ṣé wọn kò rí ohun tó yọ lẹ́yìn orí wọn ni, ti turian nìyẹn. Salarian ní kí wọ́n má gbàgbé àwọ̀ ara. Ọ̀rọ̀ náà wá di kàyéfì fún wọn: ṣé kì í ṣe pé asari ń tan ọpọlọ gbogbo ẹni tó ń wò wọ́n, kí kálukú lè rí ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́?

Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti di àbá yìí mú ṣinṣin. Wọ́n ní Shepard tí à ń fi ojú rẹ̀ wo ayé náà, èèyàn ni, nítorí náà ohun tí ojú èèyàn rí ni àwa náà ń rí. Ó dùn-ún gbọ́. Ó sì bá ọ̀nà ìbímọ wọn mu, nítorí ìran tó nílò ẹ̀dá mìíràn kó tó lè bímọ tó dára yóò fẹ́ kí ojú gbogbo ẹ̀dá fà sí i. Ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú tèmi. Kámẹ́rà kò ní ọpọlọ tí a lè tàn. Ère òkúta kò ní. Àwòrán asari kún inú géèmù náà, ìrísí kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì fi hàn. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ilé ọtí yẹn pàápàá kò sọ pé àwọn rí ohun tó yàtọ̀: asari kan náà ni wọ́n rí, ibi tó jọ ara wọn ni kálukú tẹjú mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹja kan ti ń ṣe ohun tó jọ ti asari yìí láti nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún ọdún sẹ́yìn? Amazon molly ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n mú láti inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì nípa àwọn obìnrin jagunjagun. Omi ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà àti ti Mẹ́síkò ló ń gbé. Lọ́dún 1932 ni Carl Hubbs àti ìyàwó rẹ̀ Laura kéde pé abo ni gbogbo ẹja náà, kò sí akọ kan láàárín wọn. Síbẹ̀ kò lè dá bímọ. Ó gbọ́dọ̀ lọ bá akọ ẹja ìran mìíràn tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kó gba àtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹyin rẹ̀ tó lè jí. Bí ẹyin bá ti jí tán, a ó pa jíìnì akọ tì. Abo ni ọmọ tí yóò bí, ẹ̀dà ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Àwọn onímọ̀ rò pé ìran tó ń ṣe báyìí kò ní í pẹ́ run, torí pé àbùkù yóò máa ṣù jọ nínú jíìnì rẹ̀ láti ìyá dé ọmọ, kò sì ní sí jíìnì bàbá tí yóò tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì ẹja náà tán tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, àbùkù tí wọ́n retí kò tó nǹkan. Ara ẹja náà le koko. Wọ́n sì ti rí i tẹ́lẹ̀ pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ègé kékeré nínú jíìnì akọ máa ń yọ́ wọlé, á sì dúró sára ọmọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a ó padà bá a níwájú.

Kí wá ni èrè akọ tí ń gba irú ẹja bẹ́ẹ̀ láàyè? Lọ́dún 1994, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Ingo Schlupp, Catherine Marler àti Michael Ryan, fi hàn pé abo ìran akọ yẹn gan-an ń ṣọ́ ohun tó ń lọ. Bí wọ́n bá rí akọ kan lọ́dọ̀ Amazon molly, akọ náà á túbọ̀ wu àwọn náà. Ọmọ kò jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n okìkí jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn ẹ̀dá mìíràn wà tí mo kàn fẹ́ dárúkọ. Ní agbègbè àwọn adágún ńlá Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn salamander kan wà tí gbogbo wọn jẹ́ abo, tí wọ́n máa ń jí jíìnì kó lọ́dọ̀ akọ ìran oríṣiríṣi, tí wọ́n sì lè tún un jù sílẹ̀ nígbà tó bá yá. Ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, alángbá kan tí ó jẹ́ abo pọ́ńbélé máa ń gun abo ẹgbẹ́ rẹ̀ bí akọ ṣe ń ṣe, èyí tí a gùn á sì yé ẹyin ju èyí tí kò rẹ́ni gùn ún lọ. Alángbá tiwa tó ń mi orí lára ògiri náà ní ìtàn tirẹ̀: ẹyin rẹ̀ ni Madeleine Charnier ń yẹ̀ wò ní Dakar lọ́dún 1966 nígbà tó rí i pé ooru ibi tí ẹyin wà ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni yóò jáde. Òun ló kọ́kọ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹranko afàyàfà. Ẹni tó bá wá sọ pé ìbímọ asari kò lè ṣẹlẹ̀ láé nítorí pé akọ àti abo ni ẹ̀dá, kó tún rò ó.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń ta ọtí nílé ọtí Illium yẹn ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn akọni géèmù náà? Aethyta ni orúkọ rẹ̀, asari tó ti lo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Liara T'Soni, ọmọ onímọ̀ tó bá Shepard rìn láti ọdún 2007, Benezia ló bí i, Aethyta sì ni bàbá rẹ̀. Nínú Mass Effect 3, tó jáde lọ́dún 2012, Aethyta fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Liara pé ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀ jẹ́ krogan, nítorí pé krogan ni bàbá Aethyta fúnra rẹ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ló dá ìjà tó gùn jù sílẹ̀. Krogan jẹ́ ẹ̀dá ńlá, awọ wọn nípọn, iké wà lẹ́yìn wọn, ìjà sì ni oúnjẹ wọn. Báwo ni ọmọbìnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ilẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ ṣe lè ní ìdá mẹ́rin krogan, nígbà tí ìwé àlàyé ti sọ pé jíìnì bàbá kì í wọlé? Apá kan ní ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà tó fẹ́ fi ọmọ yangàn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kejì ní kí a wo ìwà Liara. Ọmọ jẹ́jẹ́ tí a pàdé ní 2007, ọdún méjì péré nínú ìtàn náà ló lò kó tó di ẹni tí ń halẹ̀ mọ́ ọ̀tá, tó sì pa olórí àwọn amí, tó gba ìjókòó rẹ̀. Wọ́n ní krogan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yẹn. Apá kẹta, tí èmi náà wà nínú rẹ̀, rántí ẹja Texas. Òfin lè sọ pé ohunkóhun ti bàbá kò gbọdọ̀ wọlé, kí ègé kékeré sì yọ́ wọlé síbẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún apá kẹta kò sì sí lọ́dọ̀ Aethyta rárá. Inú àṣà àwọn asari fúnra wọn ló wà.

Ṣé o mọ̀ pé èébú ńlá ni láàárín asari kí a sọ fún ẹnì kan pé asari ni ìyá àti bàbá rẹ̀? Kí wọ́n tó kúrò ní Thessia, ilé wọn, láàárín ara wọn ni wọ́n ti ń bímọ. Lẹ́yìn tí wọ́n pàdé àwọn ìran mìíràn, àṣà náà di ohun ìtìjú. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mú nǹkan tuntun wá sáyé. Ẹ̀rù mìíràn sì tún wà: láàárín irú àwọn ọmọ yìí ni àìsàn Ardat-Yakshi ti ń jáde, èyí tí ń mú kí asari pa ẹnikẹ́ni tó bá so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ọn. Morinth, ọmọ asari kan tó ń jẹ́ Samara, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Gbogbo wa la mọ bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe ń wá: bàbá AS, ìyá AS, kálukú fún ọmọ ní S kan, ọmọ di SS. Ó gba kí ẹ̀dà jíìnì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni méjì. Ṣùgbọ́n asari ló ń fúnra rẹ̀ fi ẹ̀dà méjèèjì sílẹ̀. Bí bàbá kò bá fún ọmọ ní nǹkan kan, ìyá tó ní àbùkù yóò bí ọmọ alábùkù yálà turian ló fẹ́ tàbí asari ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé asari méjì ni ewu wà fún? Ìbéèrè yìí ni ẹnikẹ́ni tó bá ní bàbá kò ṣe nǹkan kan gbọ́dọ̀ dáhùn, n kò sì tíì rí ẹni tó dá a lóhùn dáadáa.

Àbá tó tẹ́ mi lọ́rùn ni èyí: ọnà tí ìyá ń wò lára bàbá ni iṣẹ́ wà. Bí bàbá bá jẹ́ ẹ̀dá mìíràn, ọnà náà yóò ṣàjèjì, ìyá yóò sì ní láti tún ẹ̀dà kejì tò pátápátá. Àbùkù tó wà níbẹ̀ lè lọ nínú àtúntò náà. Bí bàbá bá jẹ́ asari, ọnà tí ìyá máa wò ti jọ tirẹ̀ jù, àbùkù bá àbùkù pàdé, ohun tó yẹ kó yí padà á dúró síbi tó wà. Àlàyé yìí kò ba ìwé inú géèmù jẹ́, ó sì fi ìdí ẹ̀rù àwọn asari múlẹ̀. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, Aethyta kò parọ́: àmì krogan wà nínú ètò jíìnì Liara, bí kò tilẹ̀ sí jíìnì krogan kan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ardat-Yakshi yìí tún ní wàhálà mìíràn. Ní 2010, Samara sọ pé mẹ́ta péré ni irú wọn tó wà láyé, àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni. Ní 2012, a dé pílánẹ́ẹ̀tì Lesuss, a bá odindi ilé ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n kó wọn sí. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ní àwọn tí àìsàn náà mú gidi ni Samara ń kà, pé àìsàn náà ní ìpele. Ó ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn òǹkọ̀wé kàn nílò ilé náà fún ìtàn wọn ni.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan gbà pé wọ́n dá asari ṣe báyìí ni? Nínú Mass Effect 3, inú tẹ́ńpìlì òrìṣà wọn Athame ní Thessia, a rí i pé Prothean, ìran àtijọ́ tó ti parun, ló tọ́ asari sọ́nà, tí ó sì fọwọ́ kan jíìnì wọn. Prothean kan ṣoṣo tó kù, Javik, sì máa ń fi ọwọ́ kan ènìyàn kó tó mọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á rí ibi tí àbá náà ń lọ: ìran tí ń fi awọ ara ka ìrántí ló kọ́ ìran tí ń fi awọ ara lóyún.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba orílẹ̀-èdè kan ti fòfin de géèmù yìí nítorí asari? Singapore ni, ní oṣù kọkànlá ọdún 2007. Ìfẹ́ láàárín obìnrin kan àti asari ló fà á. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi gbé òfin náà kúrò, tí wọ́n ní kí àwọn tó ti pé ọdún 18 máa gbá a. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ti ní ìdáhùn nílẹ̀: ìran tí kò ní akọ kò lè ní abo pẹ̀lú.

Àwọn ìran yòókù nínú Mass Effect náà fún àwọn oníṣirò níṣẹ́. Salarian ń yé ẹyin. Èyí tí kò bá rí akọ a di ọkùnrin, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà olóyin Jan Dzierzon ṣe sọ nípa akọ oyin lọ́dún 1845. Ti krogan tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin wọn lè yé ẹgbẹ̀rún ẹyin lọ́dún kan, wọ́n sì ń lò ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ láyé. Nítorí ogun, salarian ṣe oògùn genophage, turian sì dà á lé wọn lórí, tó fi jẹ́ pé ọmọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ló ń yè. Kíá ni àwọn oníṣirò ti rí i: ẹgbẹ̀rún ẹyin lọ́nà ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ọmọ kan lọ́dún nìyẹn fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Kí ló wá ń pa wọ́n run? Mordin Solus, ọ̀kan nínú àwọn tó tún oògùn náà ṣe, sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe kí wọ́n run ni wọ́n fẹ́, kí iye wọn má pọ̀ jù ni. Ìjà àárín ara wọn àti àwọn ọkùnrin tí ń lọ jagun owó ní ìràwọ̀ mìíràn ló ń parí iṣẹ́ náà. Òkú ọmọ 999 tí a sin nítorí ọ̀kan tó yè ni ìṣirò náà kò kà, ohun náà ló sì ń jẹ́ kí obìnrin krogan tí wọ́n ń pè ní Eve sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Ní géèmù mìíràn ńkọ́? Nínú Zelda, ìran Gerudo jẹ́ obìnrin, ọkùnrin kan péré ni wọ́n ń bí lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n á lọ wá ọkọ láàárín àwọn ará Hyrule, Gerudo ni ọmọ yóò sì jẹ́. Goron tí ń jẹ òkúta ní tiwọn, ọkùnrin ni gbogbo wọn jọ, Darunia, ọ̀kan nínú wọn, sì ní ọmọkùnrin nínú Ocarina of Time ti 1998 láìsí ìyá tí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn kan ní inú àpáta ni wọ́n ti ń jáde. Àwọn kan ní obìnrin wà níbẹ̀, ojú wa ni kò mọ̀ wọ́n. Nínú Pokémon, láti 1999 tí ẹyin ti wọlé, kò sẹ́ni tó tíì rí ibi tí wọ́n ti ń yé e: alágbàtọ́ wọn á kàn sọ pé òun bá a lọ́wọ́ ẹran ọ̀sìn rẹ ni. Nidoran abo ń bímọ, ṣùgbọ́n bó bá ti dàgbà di Nidorina, ó parí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn rí.

Ṣé o mọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣírò báyìí? Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, BioWare gbé fídíò kékeré jáde fún Mass Effect tuntun, Liara ló sì wà nínú rẹ̀, lórí yìnyín. Nínú ìtàn náà, ó ti bá Shepard sọ̀rọ̀ rí nípa ọmọ búlúù kéékèèké tí àwọn méjèèjì lè bí. Bí wọ́n bá bí ọ̀kan lọ́dún 2187, lẹ́yìn ogun inú Mass Effect 3, ọmọ náà yóò pé ọdún 632 ní 2819, ọdún tí ìtàn Mass Effect: Andromeda bẹ̀rẹ̀. Yóò ti wọ ìgbà ìyá, kò ní í tíì di àgbà. Ara rẹ̀ yóò búlúù bíi ti Liara, ìyẹn kò ní iyàn nínú. Èyí tí wọ́n ń jà lé lórí ni bóyá a óò rí Shepard nínú rẹ̀, nínú bó ṣe ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá ní kó padà lẹ́yìn. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ Aethyta gbọ́ ní a óò rí i, wọ́n sì ti kó ẹ̀rí wọn kalẹ̀.